Ilé, Àjò àti Ìṣirò: Bí A Ṣe Lè To Ètò Líìgì Bọ́ọ̀lù Nàìjíríà



Lọ́jọ́ 5 oṣù Ẹrẹ̀nà ọdún 2015, bọ́ọ̀sì Kano Pillars wà lọ́nà Owerri, níbi tí wọ́n ti fẹ́ lọ bá Heartland wàákò. Ní agbègbè Lọ́kọ́ja, àwọn agbébọn dá wọn lọ́nà, agbábọ́ọ̀lù márùn-ún sì fara gbọgbẹ́. Ní oṣù Èrèlé ọdún 2021, Adamawa United ń lọ sí Èkó láti bá MFM gbá. Wọ́n jà wọ́n lólè lójú ọ̀nà Benin sí Ọ̀rẹ̀, wọ́n sì gbé awakọ̀ wọn wọgbó lọ. Lọ́jọ́ 31 oṣù Èbìbí ọdún 2025, ọkọ̀ tó ń kó àwọn eléré ìdárayá ìpínlẹ̀ Kánò bọ̀ láti Abẹ́òkúta, níbi National Sports Festival, ní jàǹbá nígbà tí ilé kù díẹ̀. Ó ju ogún ènìyàn lọ tó bá a lọ. Ti ìkẹ́yìn yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ líìgì, ṣùgbọ́n ọ̀nà jíjìn kan náà ni.

A máa ń di ẹ̀bi irú nǹkan báyìí ru ọ̀nà tí kò dára, ru ọlọ́ṣà, ru oorun tó ń kun awakọ̀. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú eré líìgì, kí awakọ̀ tó jókòó sídìí ọkọ̀, ẹnìkan ti kọ ọ́ sínú ìwé pé lọ́jọ́ Àìkú kí ẹgbẹ́ yìí wà níhìn-ín, ní Ọjọ́rú kí ó wà lọ́hùn-ún. Ẹni tó kọ ìyẹn ti yan wákàtí tí ọkọ̀ yóò wà lójú pópó, ì báà mọ̀, ì báà má mọ̀. Ìwé náà ni ètò ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀. Ohun tí mo gbé wá sọ lónìí ni pé ìṣirò kan wà tó lè bá wa tò ó, tí àlàáfíà àwọn tó ń rìnrìn àjò yóò fi wà lára ohun tí a kọ́kọ́ rò, kì í ṣe ohun tí a ń rántí lẹ́yìn ìjàǹbá.

Kò sí ìlú tó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀ bí Àbújá. Níbí ni ọ́fíìsì àwọn alákòóso líìgì wà, níbí ni olú ilé iṣẹ́ àjọ tó ń rí sí bọ́ọ̀lù lórílẹ̀-èdè yìí wà. Ní Kwali, lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Lọ́kọ́ja, ni National Mathematical Centre wà láti ọdún 1988. Ẹ gbé e yẹ̀ wò: ọkọ̀ tó bá gbé ẹgbẹ́ kan láti Kánò tàbí Katsina lọ sí Aba, tó bá gba ojú ọ̀nà Lọ́kọ́ja, iwájú àwọn onímọ̀ ìṣirò ni yóò gbà kọjá. Ojoojúmọ́ ni ìṣòro náà ń gba ẹnu ọ̀nà àwọn tó ní irinṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́.

Ẹgbẹ́ 20 ló wà nínú líìgì àgbà wa. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò gba àwọn 19 yòókù lálejò lẹ́ẹ̀kan, yóò sì lọ bá wọn nílé wọn lẹ́ẹ̀kan. Ìyẹn jẹ́ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 380 láàárín ọ̀sẹ̀ ìdíje 38. Bí ó bá jẹ́ pé kí gbogbo wọn ṣáà ti pàdé ni, iṣẹ́ náà kò le rárá. Thomas Kirkman, àlùfáà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó fẹ́ràn ìṣirò, ti yanjú irú rẹ̀ láti ọdún 1847. To àwọn ẹgbẹ́ sí ìlà méjì, mẹ́wàá kojú mẹ́wàá; ẹni tó kojú ẹni ni yóò bá a gbá lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, fi ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ síbi tó wà, kí àwọn 19 tó kù máa sún ní ìdúró kọ̀ọ̀kan yí po lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ 19 bá pé, kò sí ẹni tí kò ní ti pàdé ẹnìkejì rẹ̀. Ní ìdajì sáà kejì, ẹni tó gbàlejò á di àlejò, iṣẹ́ parí. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama lè fi bébà àti gègé ṣe é kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná.

Ìṣòro bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a bá béèrè èyí tó dára jù. Bí ẹgbẹ́ bá jẹ́ 6, ọ̀nà 6 ni a lè gbà pín àwọn ìpàdé wọn sí ọ̀sẹ̀. Bí wọ́n bá jẹ́ 8, ó di 6,240. Bí wọ́n bá jẹ́ 10, ó di 1,225,566,720. A kò tíì sọ ọ̀sẹ̀ wo ni yóò ṣáájú, a kò tíì sọ ẹni tí yóò gbàlejò. Tiwa sì jẹ́ 20. Kò sí kọ̀ǹpútà láyé yìí tó lè yẹ gbogbo rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìgbìmọ̀ tó lè jókòó sí yàrá kan ní Wuse ní Àbújá tí yóò fi ojú lásán mú èyí tó dára jù nínú wọn.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ilé àti àjò, nítorí ibẹ̀ ni ìbínú àwọn alátìlẹ́yìn ti máa ń wá. Ohun tí gbogbo ẹgbẹ́ fẹ́ ni kí ilé àti àjò máa tẹ̀lé ara wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: ilé, àjò, ilé, àjò. Bí ètò bá rán wọn lájò lẹ́ẹ̀mejì léra, wọ́n á ní àwọn tó wà ní Àbújá fẹ́ kí ẹgbẹ́ àwọn já sí ìpele ìsàlẹ̀. Ẹ wá wò ó bóyá bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ mú ẹgbẹ́ mẹ́rin: Shooting Stars, Enyimba, Kano Pillars àti Plateau United. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọn yóò fi pàdé tán. Ká ní Shooting Stars ní ilé, àjò, ilé. Ká ní Enyimba náà ní ilé, àjò, ilé. Nígbà wo ni àwọn méjèèjì yóò pàdé? Lọ́jọ́ tí Shooting Stars bá wà nílé ní Adamasingba, Enyimba náà wà nílé ní Aba. Lọ́jọ́ tí Shooting Stars bá jáde, Enyimba náà ti jáde. Wọn kò lè pàdé láéláé. Nítorí náà, ẹgbẹ́ méjì kò gbọdọ̀ ní ìtò ilé àti àjò kan náà. Ìtò tí kò ní àsopọ̀ kankan nínú, ìyẹn tí ilé kò tẹ̀lé ilé, tí àjò kò tẹ̀lé àjò, méjì péré ló wà láyé: èyí tó fi ilé bẹ̀rẹ̀, àti èyí tó fi àjò bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ méjì péré ló lè gbà wọ́n. Gbogbo àwọn yòókù gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán àsopọ̀ kan.

Nínú líìgì ẹgbẹ́ 20, ìyẹn ni pé ní ìdajì sáà kan, ó kéré tán ẹgbẹ́ 18 ni yóò gbàlejò lẹ́ẹ̀mejì léra tàbí kí wọ́n jáde lẹ́ẹ̀mejì léra, bó ti wù kí alákòóso jẹ́ olódodo tó. Dominique de Werra, onímọ̀ ìṣirò ará Switzerland, ló fi èyí múlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ó sì tún fi hàn pé ètò tí àsopọ̀ rẹ̀ kò ju 18 yẹn lọ ṣeé ṣe. Ohun tó wú mi lórí nínú ẹ̀rí yìí ni pé ó pa àríyànjiyàn kan rẹ́ pátápátá. Ẹni tó bá ń binú pé wọ́n rán òun lájò lẹ́ẹ̀mejì, kò sí ẹni tó rẹ́ ẹ jẹ. Ṣùgbọ́n bí àsopọ̀ ẹgbẹ́ kan bá jẹ́ márùn-ún nígbà tí ti ẹlòmíràn jẹ́ ẹyọ kan, ó ní ẹjọ́ láti rò, ó sì ní òǹkà tí yóò fi rò ó. Ìlànà kan náà ló ń ran ẹgbẹ́ méjì tó ń lo pápá kan lọ́wọ́, bíi Inter àti Milan ní Ítálì: fún wọn ní ìtò tó takora, kí ọ̀kan wà nílé nígbà tí èkejì bá wà lájò.

Báyìí, ẹ jẹ́ ká gbé e sójú ọ̀nà. Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Bí gbogbo ẹgbẹ́ bá ń padà sílé lẹ́yìn ìjáde kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ ìrìn àjò líìgì ní sáà kan kò lè yí padà rárá. Ẹ lè da ètò náà rú bó ṣe wù yín: Kano Pillars gbọ́dọ̀ lọ sí ìlú àwọn 19 yòókù, kí wọ́n sì padà. Kìlómítà kan náà ni, náírà kan náà ni. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ètò lè gbà dín ìrìn kù ni kí ó so ìjáde méjì tó súnmọ́ra pọ̀.

Ẹ wo Aba, níbi tí Enyimba wà, àti Umuahia, níbi tí Abia Warriors wà. Àárín ìlú méjèèjì kò ju nǹkan bí 60 kìlómítà lọ. Láti Kánò dé Aba, ká fojú bù ú sí 1,000 kìlómítà. Bí Pillars bá lọ sí Aba, tí wọ́n padà, tí wọ́n tún lọ sí Umuahia lóṣù tó tẹ̀ lé e, tí wọ́n tún padà, nǹkan bí 4,000 kìlómítà nìyẹn. Bí wọ́n bá gbá ní Aba lọ́jọ́ Àìkú, tí wọ́n gbá ní Umuahia ní Ọjọ́rú kí wọ́n tó padà, ó lé díẹ̀ ní 2,000. Ìdajì ewu ti kúrò, láìfi kọ́bọ̀ kan tún ọ̀nà ṣe. Bákan náà ni fún àwọn ará Ìlà Oòrùn tó ń gòkè lọ sí Kánò àti Katsina. Lóòótọ́, owó hòtẹ́ẹ̀lì á pọ̀ sí i ní ìrìn kan náà, ìjọba ìpínlẹ̀ ló sì ń náwó lé ọ̀pọ̀ nínú ẹgbẹ́ wa. Síbẹ̀, ẹni tó bá fi owó hòtẹ́ẹ̀lì ọjọ́ mẹ́ta wé owó epo, owó oúnjẹ àti àárẹ̀ ìrìn 2,000 kìlómítà á rí i pé kò sí ohun tí a ń bá ara wa jiyàn lé.

Ṣé ẹ ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti lọ́pọ̀? Ti ilé àti àjò ní kí àsopọ̀ kéré. Ti ojú ọ̀nà ní kí a so ìjáde pọ̀. Àwọn méjèèjì ń fa ara wọn. Ní ọdún 2001, Kelly Easton, George Nemhauser àti Michael Trick, tí ọ̀rọ̀ bésíbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà mú wọn dé ìdí rẹ̀, kọ ìṣòro yìí sílẹ̀ fún gbogbo ayé, wọ́n sì pè é ní Traveling Tournament Problem. Ó rọrùn láti ka ìbéèrè náà, ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ le débi pé ẹgbẹ́ 10 péré gba àwọn onímọ̀ ní ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó rí èyí tó kúrú jù lọ pẹ̀lú ẹ̀rí.

Kí ni kọ̀ǹpútà wá ń ṣe? Ìbéèrè ni a ó fún un. Fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú 380, àti fún ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú 38, a ó bi í pé: ṣé ọ̀sẹ̀ yìí ni? Ìdáhùn jẹ́ 1 tàbí òdo. Ìbéèrè 14,440 nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni a ó kọ òfin sílẹ̀. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wáyé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ gbá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́sẹ̀ ìdíje kan. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jáde ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ léra. Lẹ́yìn òfin, a ó sọ ohun tí a ń lépa, bóyá kí àpapọ̀ wákàtí tí a lò lójú ọ̀nà kéré jù. Kọ̀ǹpútà kò ní yẹ gbogbo ètò tó wà láyé wò. Ẹ̀rí ni yóò máa fi gé wọn dànù. Bí ó bá ti mọ̀ pé ètò èyíkéyìí tó bá fi ìpàdé báyìí bẹ̀rẹ̀ kò lè dára ju èyí tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ, yóò gé gbogbo wọn, bílíọ̀nù lọ́nà bílíọ̀nù, láìwo ojú ọ̀kankan. Ohun tó kù fún ènìyàn ni láti kọ òfin tó tọ́, iṣẹ́ ńlá sì ni.

Chile ti ṣe é. Orílẹ̀-èdè yẹn gùn ju 4,000 kìlómítà lọ láti àríwá dé gúúsù, nítorí náà wọ́n mọ ohun tí à ń pè ní ọ̀nà jíjìn. Láti ọdún 2005 ni líìgì àgbà wọn, tó ní ẹgbẹ́ 20 nígbà náà bíi tiwa, ti ń lo irú ìṣirò yìí. Guillermo Durán, Andrés Weintraub àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní fásitì ló ṣe é fún wọn. Nígbà tó ṣe, ó ré kọjá líìgì. Láti ìdíje ìyege fún Ife Àgbáyé ọdún 2002 títí dé ti 2014, ìtò kan náà ni àwọn orílẹ̀-èdè Gúúsù Amẹ́ríkà ń lò, inú ọ̀pọ̀ kò sì dùn sí i, nítorí àwọn kan ń jáde lẹ́ẹ̀mejì ní ìpàdé ọlọ́jọ́ méjì kan náà. Fún Russia 2018, ètò tí ìṣirò gbé jáde ni wọ́n gbà, èyí tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan fi ń gbá ọ̀kan nílé, ọ̀kan lájò, ní gbogbo ìpàdé bẹ́ẹ̀. Mi ò rí ohun tó wà ní Santiago tí kò sí ní Kwali.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìrìn àjò nìkan ni ètò ń ṣàkóso. Áfíríkà ti jìyà lórí rẹ̀ rí. Ní Ife Àgbáyé ọdún 1982 ní Sípéènì, Algeria na Ìwọ̀ Oòrùn Jámánì ní 2–1. Algeria parí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ wọn ìkẹ́yìn, èyí tí wọ́n fi borí Chile, lọ́jọ́ 24 oṣù Òkúdù. Lọ́jọ́ kejì ni Jámánì àti Austria ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbá tiwọn ní Gijón. Àwọn méjèèjì ti mọ iye tí wọ́n nílò. Jámánì gbá ẹyọ góòlù kan wọlé, bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ sí í rìn gbẹ̀rẹ̀ láàárín pápá títí wọ́n fi fọn fèrè, àwọn méjèèjì sì yege, Algeria lọ sílé. Kò sí òfin tí ẹnikẹ́ni rú. Ètò ló ṣílẹ̀kùn. Láti Ife Àgbáyé tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ti ń gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ìkẹ́yìn ní ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan ní wákàtí kan náà.

Èyí ló mú mi kanlẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa àwọn sáà wa tí kò parí bó ṣe yẹ. Ní 2018, líìgì dúró lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 24, wọ́n sì ka Lobi Stars sí aṣáájú. Ní 2019, wọ́n pín ẹgbẹ́ 24 sí ìsọ̀rí méjì, wọ́n fi ẹgbẹ́ mẹ́fà parí rẹ̀ ní Agége. Ní 2020, àrùn Kòrónà dá a dúró. Ní 2023, ìsọ̀rí méjì tún ni, wọ́n parí rẹ̀ ní Onikan. Nínú sáà mẹ́fà láti 2018 dé 2023, méjì péré ló pé ọ̀sẹ̀ 38. Kò sí ìṣirò tó lè dènà àrùn tàbí ìjà láàárín àwọn olórí. Ṣùgbọ́n ó lè mọ̀ ṣáájú pé ẹgbẹ́ tó ń ṣojú wa nílẹ̀ Áfíríkà yóò nílò ọjọ́ tó ṣófo. Ó lè mọ̀ pé ọjọ́ Iléyá ń rìn yí kàlẹ́ńdà ká, àti pé òjò máa ń sọ àwọn pápá kan di ẹrẹ̀ ní oṣù tí gbogbo wa mọ̀. Ètò tó dára máa ń fi ọ̀sẹ̀ òfìfo sí ibi tó yẹ, kí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó bá sún síwájú má baà kóra jọ sí òpin sáà, níbi tí ẹgbẹ́ kan yóò ti máa wo èsì ẹlòmíràn kó tó gbá tirẹ̀.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyí. Kí àwọn alákòóso tẹ àwọn òfin jáde kí wọ́n tó tẹ ètò jáde: àsopọ̀ mélòó ni a gbà, ta ni yóò so ìjáde wo pọ̀, ọjọ́ wo ni kò sẹ́ni tí yóò gbá. Kí òfin kan sì wà tí kò ní ṣeé tẹ̀, ìyẹn ni pé bí Ọjọ́rú bá tẹ̀lé ọjọ́ Àìkú, ìrìn láti pápá àkọ́kọ́ dé pápá kejì gbọ́dọ̀ lè parí láàárín aago mẹ́fà àárọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni a máa ń bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù níbí. Nígbà tí wọ́n bá wẹ̀ tán, ilẹ̀ ti ṣú. Ẹgbẹ́ tó bá gbọ́dọ̀ wà ní ibi tó jìnnà lọ́jọ́ mẹ́ta sí i, alẹ́ yẹn gan-an ni yóò gbéra. Bí òfin yìí bá wà nínú ìṣirò, irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ kò ní wọ inú ètò rárá, a kò sì ní máa rọ akọ́nimọ̀ọ́gbá pé kó jọ̀ọ́ sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì.

Iṣẹ́ náà kò wọ́n. Àwọn irinṣẹ́ bíi OR-Tools ti Google wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, kọ̀ǹpútà alágbèéká tó dára á sì rí ètò tó dára fún líìgì wa, bí kò tilẹ̀ lè fi ẹ̀rí hàn pé òun ló dára jù lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́la nílò tábìlì kan ṣoṣo: wákàtí ìrìn láàárín ilé àwọn ẹgbẹ́ 20 náà. Bí a bá mú wọn ní méjì méjì, òǹkà 190 ni. Mo rọ̀ yín kí ẹ má fi máàpù kọ ọ́. Máàpù kò mọ ibi tí afárá ti wó, kò mọ ibi tí àwọn ọkọ̀ ẹlẹ́rù ti ń dí ọ̀nà. Ẹ lọ bá àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù, kí ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ bi wọ́n ní ìlú dé ìlú: wákàtí mélòó lójúmọmọ, mélòó nígbà òjò, àti ibo ni wọn kò ní gbà bí aago mẹ́fà bá ti lù. Ẹ kọ ìdáhùn ìkẹ́yìn yẹn sí òpó tirẹ̀ lọ́tọ̀, nítorí òun ni yóò di òfin.